Mo Fi Gègé Kọ Ìfẹ́ Ẹlòmíràn ní Langley Park

Ẹgbẹ́ wa ní Lanham ní kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, fún àwọn ọmọ tó ń ronú ohun tí wọ́n máa lọ kọ́ ní yunifásítì. Àwọn tó ti kọ ṣáájú mi, ọ̀kan ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ṣe ẹnjiníà, ọ̀kan ṣírò owó fún ìjọba títí orí rẹ̀ fi pá. Gbogbo wọn ló fi ọpẹ́ parí ọ̀rọ̀. Mo bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kó yọ mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà kọ ọ́ bó ṣe rí." Ó dáa. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ kọ yìí o, kí ẹnikẹ́ni má bi mí lẹ́yìn ọ̀la pé kí ló dé tó fi korò.

Làmídì ni mí, ọmọ Ìwó. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ní Maryland yìí ni fífi ọwọ́ kọ ewì èdè Urdu, èdè àwọn ará Pakísítáànì àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Íńdíà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rín ẹ̀rín yẹn nígbà kan. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Kí n tó mọ A, B, D nílé ìwé ni mo ti mọ álífù àti báù nílé kéú. Wàláà la fi ń kọ́ ọ, tàdáwà kì í sì í tán lára ìka mi. Mo lè ka Kùránì já, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n túmọ̀ ìlà kan, ojú ni n ó máa wò. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ni mo ti rí iṣẹ́. Ọjọ́ òjò kò sí ọkọ̀ láti fọ̀, ọjọ́ òjò bẹ́ẹ̀ ni mo sá wọ ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Langley Park. Ó wà láàárín ilé ìfọṣọ àti ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ará El Salvador ti ń ta búrẹ́dì. Ọkùnrin àgbàlagbà kan jókòó nínú ilé, ó tẹrí sórí pákó, ó ń kọ̀wé láti ọ̀tún sí òsì. Lẹ́tà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lù mí ní pàṣán nílùú mi ló ń kọ, àmọ́ ó ti sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Tiwa máa ń tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Tirẹ̀ ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀, bí ẹni rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, ọ̀rọ̀ kan á gbé orí lé èjìká èkejì. Omi ń kán lára mi sórí ilẹ̀ rẹ̀, n kò mọ̀.

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kí lò ń wò?"

Mo ní, "Ìwé yín ni, sà. Mo lè kà á, ṣùgbọ́n kò yé mi."

"Ẹni tó ń ka ohun tí kò yé e, kí ni wọ́n ń pè é nílùú yín?"

"Ọmọ kéú ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn pamọ́, nítorí ó tó ọdún mélòó kan kí n tó tún rí irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó na gègé sí mi pé kí n kọ álífù. Mo kọ ọ́. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Igi ìdáná lo kọ yìí. Álífù, ènìyàn ni. Ó ní orí, ó ní àyà, ó ní ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀. Padà wá lọ́la."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ohun tó ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Karamat lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ùsítáàdì ni gbogbo wọn ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe olùkọ́ kéú ní Ùsítáàsì. Ìran wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọ̀dọ̀ baba baba rẹ̀. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Urdu. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ewì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀gá mi ni gbogbo ará Pakísítáànì àyíká yìí ń gbé iṣẹ́ wọn wá fún.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń sọ pé ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì le, ẹ kò tíì rí ọ̀gá. Odidi ìgbà òtútù àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé gidi. Gègé ni mò ń gé, èyí tí wọ́n fi ìféfé ṣe, tó máa ń wá láti òkè òkun. Mo ń po tàdáwà, mo ń fi òkúta dídán ra ojú ìwé títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Bí mo bá kọ lẹ́tà kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í bú mi. Á mú ìwé náà, á fà á ya sí méjì, á dá a padà síwájú mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò. Èébú ì bá sàn.

Ohun tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà kan láti Ìbàdàn wọlé wá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ káàdì ìsọmọlórúkọ. Ó kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo dáhùn, mo sì tẹrí ba díẹ̀ bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Gègé mì. Ùsítáàdì gba gègé lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Ó ní, "Ẹni tó bá ń dáhùn ìkíni nígbà tí gègé wà lórí ìwé, kó lọ máa ta ìrẹsì." Láti ọjọ́ náà, bí gègé bá ti balẹ̀, baba mi ì báà wọlé, n kò ní gbórí sókè. Ìròyìn tàn káàkiri láàárín àwọn ènìyàn wa pé Làmídì ti gbéraga, Yorùbá tí kì í dáhùn ìkíni! Wọn kò pè mí sí nǹkan mọ́. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ẹni tó jẹ́ kí n lè fara dà á ni ìyàwó rẹ̀, Zahida, tí gbogbo wa ń pè ní Bégúmù, àpọ́nlé tí wọ́n fi ń pe ìyá ilé lọ́dọ̀ wọn. Olùkọ́ ni nílùú wọn. Ní Langley Park, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé. Bí àwọn òbí bá ti gba ọmọ wọn lọ ní ìrọ̀lẹ́, á gbé tíì wá fún wa nínú fúláàsì, á jókòó tì mí, á máa kọ́ mi ní èdè náà. Ewì ló fi kọ́ mi. Ewì ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ewì wọn ṣe rí. Ìlà méjì méjì ni, ìlà méjì kọ̀ọ̀kan sì lè dá dúró bí òwe. Ohun mẹ́ta ni Bégúmù máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: àkókò tó ń jẹ gbogbo nǹkan run, ìfẹ́ tó ń bá a jà, àti iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, bóyá ó lè yè é bọ́ tàbí kò lè yè é. Àkọ́kọ́ tó kọ́ mi, bí mo bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ó lọ báyìí:

Onílé ni àkókò, ayálégbé ni gbogbo ohun tó wà láyé;
iṣẹ́ tí ìfẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìkan ni onílé náà kì í lé jáde.

Mo ní, "Bégúmù, ẹ dárí jì mí. Ìyá mi, aláró ni. Ó fẹ́ràn aṣọ tó ń rẹ ju ọmọ lọ. Gbogbo aṣọ náà ló ti ṣá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ife tíì sílẹ̀. Ó ní, "Làmídì, ó yẹ kó o kọ ewì. Gbogbo akéwì ló mọ̀ pé aṣọ á ṣá. A sáà ń sọ fún àkókò pé a kò gbà ni."

Ùsítáàdì gbọ́rọ̀ láti ibi tó jókòó sí. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ dáadáa, tirẹ̀ kò ní ṣá." Ó gbà bẹ́ẹ̀ dénú, bí ẹni gba Ọlọ́run gbọ́.

Ọjọ́ tí ewì kan kọ́kọ́ yé mi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo gbé e dé ilé ní Camp Springs. Mo ń kà á fún Sàbítíù, ìyàwó mi, tó ń dáná fún àwọn sójà ní bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó gbé e sínú omi gbígbóná. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dùn. Ìfẹ́ ẹlòmíràn lò ń kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbà wo lo máa kọ tèmi?" Mo ní n ó kọ ọ́ tí ọwọ́ mi bá mọ́ dáadáa. Ó ní, "Kí ọwọ́ rẹ tètè mọ́ o, torí ojú mi ò ní pẹ́ ṣú."

Ọwọ́ mi mọ́. Ó débi pé àwọn tó mọ iṣẹ́ kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́ láàárín tèmi àti ti Ùsítáàdì. Ó dáwọ́ fífa ìwé mi ya dúró, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Èmi náà kò béèrè. Ọdún bíi mélòó kan, a wà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń wọlé, a sì jọ ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé.

Kò dé pẹ̀lú ariwo. Olóòtú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú páálí àdídùn lọ́wọ́, ó ní àwọn ti ra ẹ̀rọ kan tó ń kọ Urdu. Lẹ́tà ẹ̀rọ ọ̀hún burú, ó rí bí eyín tó wọ́. Ùsítáàdì fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Èyí?" Olóòtú ní, "Ùsítáàdì, ó yára." Àdídùn yẹn wà lórí tábìlì títí kòkòrò fi wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìwé ìròyìn, àwọn tó ń tẹ ìwé ewì lọ. Káàdì ìgbéyàwó nìkan ló kù, ìyẹn náà sì ń dín.

Nígbà tí ọwọ́ wá dilẹ̀ ni Ùsítáàdì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bégúmù ti kọ ewì láti ìgbà ọmọdébìnrin, kò sì tẹ ọ̀kankan jáde rí. Nílé baba rẹ̀, obìnrin kì í jẹ́ kí ará ìta ka ohun tó ń dùn ún. Ùsítáàdì ní òun máa fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, òun àti èmi, ìwé tí kọ̀ǹpútà kò ní fọwọ́ kàn. Bégúmù kó gbogbo ìwé tó ti fi ń kọ ewì rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kó wọn sínú àpótí, torí ọkọ rẹ̀ ní òun gbọ́dọ̀ máa fi ìlà wé ìlà.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Irun mi funfun lórí ìwé náà. Bí àmì kékeré kan bá fi bín-ín-tín yẹ̀ sọ́tùn-ún, Ùsítáàdì á tún fa odidi ojú ìwé ya, ì báà jẹ́ tirẹ̀ tàbí tèmi. Bégúmù á máa wò wá láti orí àga rẹ̀, ife tíì á tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní lọ́jọ́ kan, "Karamat, mo ń darúgbó o."

Ùsítáàdì kò wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Wọn kì í yára bí ohun tí kò ní kú."

Àwa Yorùbá náà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo fi í tu Sàbítíù nínú lọ́pọ̀ ìgbà.

Tàdáwà wa ni kí n sọ fún yín wàyí. Èéfín dúdú inú àtùpà ni wọ́n fi oje igi pò. Ẹni tó máa tẹ ìwé náà fún wa ti sọ pé ká lo tàdáwà ìgbàlódé tí omi kì í pa rẹ́. Ùsítáàdì ní ike ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, ó ń dí ẹnu gègé, kò ní ẹ̀mí. Páìpù omi tó gba inú àjà ṣọ́ọ̀bù náà sì ti ń jò. A sọ fún onílé, a tún sọ fún un. Ogun àwítẹ́lẹ̀, wọ́n ní kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Onílé ní òun ń bọ̀.

A kọ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ní ìgbà òtútù. Ùsítáàdì wò ó, kò fà á ya. Ó dì í mọ́ àwọn tó kù, ó gbé e sórí àpótí Bégúmù. Ọjọ́ kejì ni yìnyín bẹ̀rẹ̀, ó sì dí gbogbo ọ̀nà. Kò sí bọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì fún ọjọ́ bíi mélòó kan, omi dì nínú páìpù. Nígbà tí oòrùn jáde, páìpù bẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, omi dúdú ló ṣàn pàdé mi. N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ ọ́ di dúdú. Mo rò pé ìdọ̀tí àjà ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo gbé ìdì ìwé yẹn, tí mo rí i tó funfun báláú, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán bí a ṣe fi òkúta ra á, ló tó yé mi pé ewì ni mo dúró lé lórí. Ìwé tó wà nínú àpótí kò tiẹ̀ ṣeé gbé. Ó ti di ògì.

Ùsítáàdì dé, ó yọ bàtà rẹ̀ kó tó tẹ omi náà. Ó ń ṣí ìwé funfun kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e síwájú fèrèsé bóyá ojú gègé ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá kí wa. Yorùbá kan ní ká gba kámú, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọkùnrin náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bégúmù fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé. Ó wo gbogbo rẹ̀ yíká. Ọkọ rẹ̀ ní, "Zahida, a máa tún un bẹ̀rẹ̀. O máa kà á fún wa, a máa kọ ọ́."

Ó ní, "Karamat, láti inú ìwé yẹn lèmi náà ti ń rántí wọn."

Lóòótọ́ ni. Àìsàn ìgbàgbé ti wọ ara rẹ̀ láìjẹ́ pé a fura. Ó máa ń gbàgbé iná lórí sítóòfù, ó máa ń fi orúkọ ọmọ kan pe èkejì. Dókítà sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, ó ní yóò máa pọ̀ sí i ni. Lójú mi, iṣẹ́ tó kù kò ju ẹyọ kan lọ: ká gba ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ kíá.

Mo sọ fún Ùsítáàdì, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi báírò kọ ọ́. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ká gbé rẹ́kọ́dà síwájú wọn. Tó bá yá, a ó fi gègé kọ ọ́ dáadáa."

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. "Báírò? Kí n fi ohun tí wọ́n fi ń kọ iye owó ẹran gba ọ̀rọ̀ ẹnu Zahida?"

"Ọ̀gá, wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ lójoojúmọ́."

"Nígbà náà, a máa kọ ọ́ dáadáa lójoojúmọ́."

Ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á jókòó ti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú gègé, ìwé dídán àti tàdáwà. Bégúmù á sọ ìlà kan. Kí ọkọ rẹ̀ tó gé gègé, kó tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Bégúmù á ní, "Kí ni mo ń sọ?" Ìlà kejì á ti lọ. Ojú mi báyìí ló ṣe ń lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú ọ̀pọ̀ ewì, bí ilẹ̀kùn tó dúró níbi tí ilé ti wó.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ùsítáàdì lọ sí mọ́sálásí. Èmi ni mo jókòó ti Bégúmù. Ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Làmídì, báírò rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá ò ní fẹ́, mà."

Ó ní, "Ọ̀gá rẹ fẹ́ kí n wà láyé títí láé. Èmi fẹ́ parí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ni. Mú un wá."

Ó ń sọ, mò ń kọ, lẹ́yìn páálí tíì, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, bí ọwọ́ mi ṣe bá ìwé. Ewì ń dé gan-an lọ́jọ́ náà, bíi pé ẹnìkan ṣí ẹ̀rọ omi. Nígbà tí Ùsítáàdì wọlé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Ó rí báírò lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí a ṣe ń ṣe nílé. Kò bú mi. Ó lọ sínú yàrá, ó tilẹ̀kùn. Bégúmù ní, "Jókòó, a kò tíì parí." Ṣùgbọ́n a ti parí. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni ó sọ gbẹ̀yìn nínú ewì rẹ̀. Kó tó di pé ó kú, ó ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní bàbá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn ọkùnrin wá láti Texas, ó kó ẹrù ìyá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn jẹ́ pé kò lè ka Urdu, bí àwọn ọmọ yín náà kò ṣe lè ka Yorùbá. Ó rí páálí tíì, ó rí kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe sí páálí àti kàlẹ́ńdà àtijọ́. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ilé ti mọ́ tónítóní.

Ìlà bíi mélòó kan tó wà ní orí mi nìkan ló kù.

Ọwọ́ Ùsítáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá bá a, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fọ́ǹtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó jẹ́ irú lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀, kí ti kọ̀ǹpútà lè yé rí bí eyín tó wọ́. Ùsítáàdì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí wọ́n rí bó ṣe ń gbọ̀n, ó wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Mo kọ gbogbo lẹ́tà náà, bí ó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ó ṣe rí láàárín, bí ó ṣe rí ní ìparí. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya á. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí àwọn lè fi dán an wò. Ìlà wo ló wà lórí mi bí kò ṣe ti Bégúmù? Mo fún wọn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e wá fún Ùsítáàdì. Ó dára. N kò lè parọ́. Kò sí ibi tó fi yàtọ̀ sí ọwọ́ wa. Ùsítáàdì gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí.

Ó ní, "Lẹ́tà yìí dára. Ta ló wà nínú rẹ̀?"

Ọdún náà kò parí tí ó fi kú. Wọ́n sọ ṣọ́ọ̀bù di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Èmi náà kó gègé mi sílé. Fọ́ǹtì náà lọ káàkiri, ìlà Bégúmù sì bá a lọ láìsí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí lẹ́tà mi bí ẹ bá ń kọjá ní Langley Park: lórí ṣọ́ọ̀bù ẹran, lórí ìwé tí ilé ìwòsàn lẹ̀ mọ́ ògiri, lórí ìkìlọ̀ pé ẹ má páàkì ọkọ̀ síbí. Àwọn tó ń kà á rò pé kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ará Pakísítáànì ṣe àpéjọ akéwì nínú gbọ̀ngàn kan ní Lanham níbí. Ọmọ mi obìnrin, Ràmọ́tà, ló wà mí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, aṣọ rẹ̀ dáa, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ka ọ̀rọ̀ akéwì ńlá kan, ọkùnrin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí baba òun. Ó wá kà á:

Àkókò, ìwọ tó o jẹ ìlú, tó o jẹ ọba, tó o jẹ egungun àwọn tó mọlé;
ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sétí ẹni tí mo fẹ́, eyín rẹ kò ká a.

Gbọ̀ngàn mì tìtì. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ní kó tún un kà. Àgbàlagbà kan níwájú mi ń sunkún. Ìlà tí mo fún àwọn ọlọ́fọ́ǹtì ni; mo ti dìde kí n tó mọ̀.

Mo fi èdè wọn sọ ọ́. Mo ní, "Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ni ín. Obìnrin kan ní Langley Park ló ni ín. Zahida lorúkọ rẹ̀. Ojú mi ló ṣe sọ ọ́."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo mọ ohun tí wọ́n rí: ènìyàn dúdú, àgbàlagbà, ó dé fìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí mi fín. Ó ní, "Uncle, ẹ wò ó, orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀ níbí." Ó gbé fóònù sí mi lójú. Orúkọ ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnìkan tí n kò mọ̀ ló fi síbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ọwọ́ mi ni.

Ó ní, "Àwọn akéwì wa máa ń fi orúkọ wọn sí ìlà tó gbẹ̀yìn ewì. Tirẹ̀ dà?"

Mo ní, "Kì í fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ mọ òun."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìyájú. Alága ní, "Uncle, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, a máa sọ ọ́ lẹ́yìn." Wọn kò sọ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì nínú páálí.

Nínú ọkọ̀, Ràmọ́tà ní, "Daddy, at least wọ́n ṣì ń kà á. That's something, àbí?" Nígbà tó délé, ó lọ kọ ọ́ sórí ìntánẹ́ẹ̀tì pé Bégúmù Zahida ti Langley Park ló ni ìlà yẹn. Ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí fèsì láti ìlú òkèèrè. Ó ní kí a sọ orúkọ ìwé tó wà nínú rẹ̀ àti ojú ìwé.

Ràmọ́tà bi mí pé kí ni kí òun sọ. Mo ní kó má sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, wọ́n ní kí n gbà yín nímọ̀ràn. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tó fún yín ní owó ìfẹ̀yìntì, tó sì jẹ́ kí ẹ lè dá àgbà lóhùn bí ó bá kí yín, ẹ ṣe é. Bí ẹ bá sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ọnà kì í kú, pé àkókò kò lè jẹ ohun tí ìfẹ́ ṣe, wọn kò parọ́ fún yín. Mo wà ní gbọ̀ngàn yẹn. Eyín àkókò kò ká ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó sọ ọ́ ni àkókò jẹ.